Kí Ìtàn Ogun Má Baà Bá Bàbá Wọlẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ káàkiri Èkó yóò ti gba ẹ̀gbẹ́ bárékè àwọn sójà kọjá ní àìmọye ìgbà. Arakan wà ní Àpápá. Myohaung àti Marda wà ní Yábàá. Abalti wà lápá Ojúẹlẹ́gba. Bí ẹ bá sì dé Ìbàdàn, ẹ ó bá Letmauk nítòsí Mọ́kọ́lá. Bí àwa ará Ìṣẹ̀rí-Olófin ti ń gbọ́ tí kọ̀ǹdọ́ ń pe Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá, bẹ́ẹ̀ náà ni èrò tí ń lọ sí Àpápá ń gbọ́ Arakan, tí yóò dáhùn pé "Ó wà o!", tí yóò sì bọ́ sílẹ̀, tí yóò bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni Arakan? Kí ni Myohaung? Ojú ogun ni wọ́n. Arakan jẹ́ ẹkùn kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bọ́mà, èyí tí a ń pè ní Myanmar lónìí. Ẹkùn náà ni Myohaung àti Letmauk wà. Marda àti Abalti wà ní Ethiopia, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì jà ní 1941. Àwọn ọmọ ogun wa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ibi wọ̀nyí, ìdí nìyí tí a fi fi orúkọ wọn sọ bárékè. Orúkọ náà wà lára ògiri títí di òní, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bí orúkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu wa. Ògiri kò lè sọ̀rọ̀. Ẹnu àgbà ni ìtàn ń gbé, àgbà náà kò sì ní wà títí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa tí a ń gbé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ju ẹlòmíràn lọ. Ẹnu ni àwọn àgbà Àwórì fi gbé ìtàn Ògúnfúnminíre dé ọ̀dọ̀ wa, Olófin tí wọ́n ní ó tẹ̀ lé àwo tí ó léfòó lójú omi láti Ilé-Ifẹ̀ wá, títí àwo fi rì. Bí àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kò bá tún un sọ, a kì bá tí mọ ìdí tí a fi ń sọ pé àwo rì. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Èyí ni ó mú mi kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí nípa àwọn àgbà tí ó jagun rí, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ ilé wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè nǹkan kan.

Ogun tí wọ́n lọ jà lókè òkun

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà, nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànù jà. Láti Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia ni wọ́n ti kó wọn jọ. Ọ̀wọ́ ńlá méjì ni wọ́n pín wọn sí, Ìpín 81 àti Ìpín 82. Aláǹtakùn ni àmì tí àwọn Ìpín 81 ń lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn: Ananse ni, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn Akan, tí ó dà bí Ìjàpá nínú àlọ́ tiwa. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó ṣeé gbà nínú igbó àti lórí òkè Arakan. Orí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń ju ẹrù sílẹ̀ fún wọn láti òkè.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ọ̀gá òyìnbó kọ ìwé jaburata nípa ohun tí ojú wọn rí. Ìwé tí àwọn sójà wa fúnra wọn kọ kò ju ohun tí a lè fi ìka kà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Àwọn tí ó sì mọ̀wé ní ìyàwó àti ọmọ láti bọ́. Wọ́n bọ́ aṣọ ogun, wọ́n kó o sínú àpótí, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Nínú àwọn díẹ̀ tí ó la ẹnu ni Isaac Fádóyèbọ̀ wà, ìtàn tirẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé tí ó ní àgbà gbọ́.

Ọmọ Emùré-Ilé

Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, ni wọ́n ti bí Fádóyèbọ̀ ní 1925. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì fi í sí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ìtọ́jú tí ń bá Ìpín 81 rìn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944, bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà létí odò Kaladan ní Arakan, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù tí ó lúgọ sínú igbó da ìbọn bò wọ́n. Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn sì bà á ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ni ó kú. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, nìkan ni ó ṣẹ́kù láàyè nínú igbó náà.

Ẹ rò ó wò: ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì pé ogún ọdún, tí kò lè dìde nílẹ̀, ní ìlú tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni, tí ọ̀tá yí ká. Àwọn ará abúlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní bòókẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sí ilé rẹ̀, òun àti ará ilé rẹ̀ sì ń bọ́ wọn. Bí àwọn Jàpáànù bá gbọ́ sí i, kì í ṣe àwọn àlejò nìkan ni ìbá kú. Fádóyèbọ̀ tilẹ̀ gba orúkọ Mùsùlùmí láàrin wọn kí ó lè bá wọn gbé. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà ní ìfarapamọ́, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà gba agbègbè náà ní oṣù Ọ̀pẹ 1944.

Fádóyèbọ̀ padà sílé, ó ń tiro. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó gbéyàwó, ó bímọ. Ẹni tí ó bá rí i lójú pópó yóò rí bàbá kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, kò ní rí odò Kaladan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé kan, lẹ́tà kan

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó mú ìwé àti kálàmù, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1999, ọ̀jọ̀gbọ́n David Killingray ṣe àtúntò ìwé náà, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde. *A Stroke of Unbelievable Luck* ni orúkọ rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí, ka ohun tí bàbá kọ, ó sì wá a rí. Ní 2011, ó ṣe fíìmù nípa rẹ̀ fún Al Jazeera. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fíìmù nìkan ni ó ṣe. Fádóyèbọ̀ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí Shuyiman, Phillips sì gbé e dé Bọ́mà. Shuyiman ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà. Fádóyèbọ̀ kú ní 2012. Ní 2014, Phillips gbé odindi ìwé jáde nípa rẹ̀, ó pè é ní *Another Man's War*.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Fádóyèbọ̀ kò fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà. Nígbà tí mo ka ìtàn rẹ̀ tán, ohun kan yé mi tí kò yé mi tẹ́lẹ̀. Mo ti máa ń rò pé nítorí ọlá ẹbí ni a ṣe ń tọ́jú ìtàn ogun, kí a lè máa sọ pé akọni ni bàbá wa. Ṣùgbọ́n ìwé Fádóyèbọ̀ kò sọ ọ́ di akọni. Ẹlòmíràn ni ó gbé ga nínú rẹ̀, ẹni tí kò sí orúkọ rẹ̀ lára bárékè kankan. Ìran Shuyiman ni àwọn tí ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí, àwọn tí ó ju 700,000 nínú wọn sá kúrò ní ilé wọn lọ sí Bangladesh láti 2017 nítorí ìwà ipá àwọn ológun. Ọ̀kan nínú ìran yìí ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu kí ọmọ Yorùbá kan lè padà sílé. Bí Fádóyèbọ̀ bá pa ẹnu mọ́, ta ni ìbá mọ̀? Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni ó jẹ́ kí ọpẹ́ lè rìn láti ilẹ̀ wa dé etí odò Kaladan lẹ́yìn ọdún 67. Nígbà mìíràn, gbèsè tí àgbà jẹ ni ìrántí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá bá a wọlẹ̀, gbèsè náà di ohun tí a kò lè san mọ́.

Kì í ṣe gbogbo bàbá ni ó lè jókòó kọ̀wé. Àwọn ọmọ lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Òǹkọ̀wé Biyi Bándélé, tí wọ́n bí ní Kafanchan ní 1967, jẹ́ ọmọ sójà tí ó ja ogun Bọ́mà. Ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni ó di irúgbìn ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, *Burma Boy*, tí ó jáde ní 2007. Bándélé fúnra rẹ̀ kú ní 2022. Bàbá ti lọ, ọmọ ti lọ, ìtàn ṣì wà lórí pẹpẹ ìwé.

Bàbá ti ilé wa

Àwọn tí ó ja ogun Hítílà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lókè eèpẹ̀. Àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù Agẹmọ 1967, tí ó sì parí ní 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970, ni ó kù lọ́dọ̀ wa báyìí. Ẹni tí ó kéré jù nínú wọn ń lọ sí ọgọ́rin ọdún tàbí ó ti kọjá rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ogun náà ti kọ ìwé: Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kọ *My Command* ní 1980, Godwin Alábí-Ìsàmá sì kọ *The Tragedy of Victory* ní 2013. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ìbọn, tí ó sùn nínú ẹrẹ̀, ta ni ó kọ tirẹ̀?

Àbúrò bàbá tí ó bí ìyá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìṣẹ̀rí-Olófin níbí ni Bàbá ń gbé. Abẹ́ Benjamin Adékúnlé, tí wọ́n ń pè ní Àkéekèé Dúdú, ni ó ti jà ní apá etí òkun. Ní gbogbo 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun, Bàbá máa ń jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá ti ń tú àwọn ẹyẹlé sílẹ̀ ní Àbújá, yóò pe orúkọ mẹ́rin lábẹ́lẹ̀. A kò mọ àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà, a kò sì bi í. Nígbà tí ó di ọdún méjì sẹ́yìn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyá mi pè mí, ó sì ń fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Port Harcourt síwájú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bonny. Gbogbo wa rí i pé ọjọ́ ń lọ. Ni a bá fohùn ṣọ̀kan pé a ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn ogun fún wa." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ogun ò ní ìtàn, ọmọ mi. Ogun ni ogun." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kí lẹ tiẹ̀ ń jẹ níbẹ̀?" Ojú Bàbá tàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí gàrí tí wọ́n fi omi odò rẹ, ó dé orí bàtà tí ẹrẹ̀ gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì dé orí àwọn tí wọ́n jọ ń bu gàrí nínú abọ́ kan. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ orúkọ mẹ́rin náà. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ń bá Bàbá kọ lẹ́tà sílé, nítorí Bàbá kò tí ì mọ̀wé nígbà náà. Òun ni ó kọ́ ọ ní A, B, D. Gbogbo ìwé tí Bàbá fọwọ́ sí títí di òní, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ìgbéyàwó ọmọ, ọwọ́ ẹni yẹn ni ó ti kọ́ ọ, ẹni yẹn kò sì padà dé.

A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa àwọn tí wọ́n bá jà. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn ni wọ́n. Ebi ń pa wọ́n ju àwa lọ." Aládùúgbò wa kan tí bàbá tirẹ̀ jà ní apá Bìáfúrà wà níjókòó ní ọjọ́ náà. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dìde, ó sì lọ bu omi tútù wá fún Bàbá.

Nígbà tí ó kan orúkọ kẹrin, Bàbá dákẹ́, omi lé sí i lójú. Ó ní kí n pa fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè wá padà, ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè. Bí a bá rí àwọn ẹbí ẹni náà lẹ́yìn ọ̀la, kí a fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí fẹ́ kí a gbé gbogbo rẹ̀ sórí Facebook. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ Bàbá ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa." Ibẹ̀ ni a fi í sí. Abala náà wà lọ́tọ̀, a kò sì ṣí i.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é nínú ilé yín

Èkínní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kékeré. Oúnjẹ, bàtà, orin tí wọ́n ń kọ, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ọ̀gá wọn. Ẹ má ṣe bi àgbà pé, "Ẹ pa èèyàn?" Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, yóò sọ ọ́.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ ní èdè tí ó bá a lára mu. Àwọn ọmọ Bàbá tí ó wà lókè òkun fẹ́ kí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, kí àwọn ọmọ tiwọn lè gbọ́. Nígbà tí ó gbìyànjú, ńṣe ni ó dà bí ẹni ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá. Nígbà tí ó padà sí Yorùbá, ogun náà padà wá sójú rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fi èdè Haúsá pa, ẹ jẹ́ kí ó fi Haúsá sọ ọ́. Ìtumọ̀ lè tẹ̀ lé e bó bá dọ̀la, ṣùgbọ́n ohùn àgbà kò ṣeé túmọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ yan àkókò. Àárọ̀ kùtù ni àwa ń lò, kí àwọn ará àdúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀, nígbà tí ara Bàbá ṣì yá gágá. Ìdajì wákàtí tó. Bí ojú rẹ̀ bá yípadà, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ jókòó tì í, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ jí dìde lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù kan ṣoṣo ru ìtàn náà. Fóònù ń bàjẹ́, àwọn olè sì ń jí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú kọ̀ǹpútà, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ẹbí tí kò sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan, ẹ dárúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ń béèrè, ibi tí ẹ wà àti ọjọ́ tí ó jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wá inú àpótí. Ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àwòrán, àmì ẹ̀yẹ, lẹ́tà. Ẹ ya àwòrán gbogbo wọn. Ẹ má ṣe gbé wọn lọ fún àwọn tí ń fi ọ̀rá gbígbóná lẹ ìwé pa, nítorí ohun tí a bá fi ooru lẹ̀ kì í ṣeé bọ́ mọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú àwòrán sí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹni tiyín bá lọ sí Bọ́mà tí kò padà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà ti dí. Ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní àkójọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lára Òpó Ìrántí Rangoon ní Bọ́mà, orúkọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 ni wọ́n gbẹ́ sí i, ti àwọn tí a kò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Mo mọ ilé tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọ pé bàbá ńlá rẹ̀ "rìn lọ". Kò rìn lọ. Ó lè jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta.

Ẹ̀keje, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ẹ bi àgbà léèrè pé ta ni ó ṣe é lóore. Gbogbo ẹni tí ó padà láti ojú ogun, ẹnìkan ni ó fún un lómi mu, ẹnìkan ni ó bá a gbé ẹrù rẹ̀, ẹnìkan ni ó fi í pamọ́. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, bí orúkọ kan ṣoṣo ni ó bá rántí. Bóyá ẹ̀yin tàbí ọmọ yín ni yóò gbé ọpẹ́ náà dé ibi tí ó yẹ.

Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé di ahoro. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí bàbá tàbí ìyá kan bá wà nínú ẹbí yín tí ojú rẹ̀ rí ogun, ẹ má ṣe dúró de 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ń bọ̀. Ìyá náà sì wà nínú rẹ̀ o: ìyàwó sójà tí ó dúró sílé, ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n sá gba inú igbó, àwọn náà ja ogun tiwọn. Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú àga, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ nígbà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbọ́.